Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ojúlówó Dùndún Rà ní Òṣogbo

Ẹni tó ti ń fi ìlù onílù kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì yóò dé ibi tí ìlù àyálò kò ti ní tó o mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìlù ò dáhùn. Ibẹ̀ ni rírà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń wọlé, torí awọ lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò: ṣé ó funfun, ṣé ó le, ṣé ó ń dún sókè. Awọ á gbó, á ya, wọ́n á sì fi òmíràn bò ó. Ọsán, ìyẹn okùn tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, á já, wọ́n á so òmíràn. Igi ni kò ṣeé pààrọ̀. Tí etí igi bá wọ́, tàbí tí ọ̀fun rẹ̀, ìyẹn ihò àárín rẹ̀, bá há, kò sí awọ tó lè mú un sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, igi lẹ ń rà. Ẹ fi èyí sọ́kàn láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti jáde nílé títí tẹ́ ẹ ó fi sanwó.

Èwo lẹ fẹ́ nínú wọn?

Ẹni tó bá kàn sọ pé "mo fẹ́ ra dùndún" kò tíì sọ ohun tó fẹ́ rà. Ìyáàlù ni aṣáájú, òun ló ń sọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń gbè é. Èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́, ó máa ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ọwọ́ òsì ló sì ń fa ọsán rẹ̀. Ṣaworo, agogo kéékèèké, máa ń yí etí rẹ̀ ká. Kẹríkẹrì jọ ìyáàlù, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Gángan kéré sí wọn, abíyá ni wọ́n ń há a sí, òun lẹ sì ń rí jù lọ́wọ́ àwọn onílù inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ jùjú àti fújì. Kànnàngó ló kéré jù, tí ohùn rẹ̀ sì mú jù. Gúdúgúdú wà nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò ní ọsán tí à ń tẹ̀ láti yí ohùn padà, ọ̀nà tí à ń gbà yàn án sì yàtọ̀, a ò ní fi kún èyí.

Ẹ ra èyí tí ẹ máa lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá lọ ra ìyáàlù ńlá torí pé ó níyì lójú, á rí i pé kò sí àyè tó máa dúró sí láàárín àwọn akọrin, ohùn rẹ̀ á sì bo orin mọ́lẹ̀. Bákan náà lẹni tó fẹ́ máa ki oríkì lóde, tó wá ra kànnàngó, á máa lu ìlù tí kò ní ìsàlẹ̀ tó.

Ojú ìyáàlù tó wọ́pọ̀ máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 7 sí 8. Ti gángan máa ń wà láàárín 5 sí 6. Ṣùgbọ́n ara yín ló yẹ kí ẹ fi wọ̀n ọ́n ju tépù lọ. Ẹ há gángan sí abíyá, kí ẹ sọ èjìká kalẹ̀ bí ẹni tó dúró lásán. Tí èjìká bá ń gòkè kí ìlù tó ráyè, ó tóbi jù fún yín. Láàárín wákàtí kan, ọrùn á ti máa ro yín. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ní láti fún apá mọ́ra gan-an kó tó dúró, ó kéré jù. Ní ti ìyáàlù, ẹ gbé e kọ́ èjìká kí ẹ wò ó bóyá àtẹ́lẹwọ́ òsì yín bọ́ sí àárín ọsán láì tẹ̀ ba.

Ibi tí ẹ máa lọ, àti ìgbà tí ẹ máa lọ

Ọ̀nà méjì ni ìlù ń gbà dé ọwọ́ ẹni. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ti ṣe parí, tí wọ́n gbé kọ́ fún títà. Èkejì ni kí ẹ lọ bá Àyàn, ọmọ ìdílé onílù tó ń ṣe ìlù, níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó kó igi síta, kí ẹ yan èyí tó wù yín, kó tó bò ó lójú yín. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ tọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo ò ní àwáwí lórí èyí. Ẹrin-Ọ̀ṣun, tí àwọn agbo ilé onílù rẹ̀ lókìkí, kò jìnnà rárá. Ẹdẹ náà wà nítòsí, ìlú Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 sí 1975.

Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo nínú oṣù Kẹjọ. Àlejò máa ń pọ̀ nílùú lásìkò yẹn, pàápàá láti ìgbà tí UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ sì máa ń kún. Ìlù tí wọ́n ṣe fún ọ̀ṣọ́ á wà káàkiri. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ lù ú. Ẹ máa dá a mọ̀: fáníìṣì rẹ̀ nípọn, ó ń dán bíi àga, ọsán rẹ̀ fọ́nká tí ìka fi ń kọjá láàárín wọn, wọ́n sì lè fi irun sílẹ̀ lára awọ kó lè ní àwọ̀. Ẹ tẹ ọsán rẹ̀, ẹ ó rí i pé ohùn kan ṣoṣo ló ní.

Ojú ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, gbogbo awọ ló ń gbẹ tó ń le, gbogbo ìlù ló sì ń dún dáadáa. Ìlù tí ohùn rẹ̀ bá ti wà lókè pátápátá nígbà ọyẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, torí awọ rẹ̀ ti tán okun. Nígbà òjò, awọ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, á sì rọ̀. Ẹ má tìtorí èyí sọ pé ìlù náà ò dára. Ẹ tẹ ọsán, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń gòkè tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Tó bá gòkè ní àárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, ìlù gidi nìyẹn.

Igi: ẹ fara balẹ̀ níbí

Igi ọmọ̀ la mọ̀ mọ́ dùndún jù. Ó fúyẹ́, ó rọrùn gbẹ́, kì í sì í tètè jẹrà. Wọ́n ń lo apá náà, ṣùgbọ́n apá wúwo, ẹni tó bá gbé ìyáàlù onígi apá kọ́rùn láti àárọ̀ níbi ìnáwó, èjìká rẹ̀ á sọ fún un kí oúnjẹ tó kárí. Ẹ béèrè orúkọ igi náà, kí ẹ sì gbé méjì tó tóbi bákan náà lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì.

Bí ẹ bá ti kí Àyàn tán, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá tààrà: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, Àyàn á gbè yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rí igi kí ẹ tó bò ó." Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí èyí. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹni tó dé yìí mọ ohun tó ń wá. Tí wọ́n bá ti wá kó igi síwájú yín, ohun márùn-ún ni kí ẹ yẹ̀ wò.

1. Ṣé ó ti gbẹ? Ẹ gbé etí igi náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Igi tútù máa ń tutù sí ara, ó sì ṣì máa ń ní òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ fi èékánná tẹ inú rẹ̀: tó bá gba èékánná wọlé wẹ́rẹ́, kò tíì gbẹ. Èyí ló ń ba ìlù tuntun jẹ́ jù. Igi tútù máa ń sún kì, kì í sì í sún kì bákan náà níhà gbogbo. Bí wọ́n bá bò ó kó tó gbẹ, ojú tó rí róbótó lónìí á ti rí bí ẹyin lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, awọ á dẹ̀ níhà kan, á le níhà kejì, igi fúnra rẹ̀ sì lè là.

2. Ṣé ó ti là? Ẹ wo etí méjèèjì yíká, ibẹ̀ ni ìlà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín tí kò dé inú kò pa ìlù. Èyí tó bá la ara igi já láti ìta dé inú, ẹ má rà á, bó ti wù kí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù dí i. Ẹ ó mọ ibi tí wọ́n dí, torí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yàtọ̀, tí ẹ bá sì fi èékánná kàn án, kì í dún bíi ti igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ihò kéékèèké náà. Tí ìyẹ̀fun igi bá ń dà jáde nígbà tí ẹ gbọn ọ́n, kòkòrò ṣì wà nínú ilé rẹ̀.

3. Ọ̀fun rẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé igi náà sójú bí ẹni ń wo inú páìpù, kí ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ihò àárín gbọ́dọ̀ rí róbótó, kó sì wà láàárín gan-an. Tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ bíi ti oṣù tó ṣẹ́ kù díẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ láti ìhà méjèèjì láì pàdé dáadáa. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ kì í ní ohùn ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn tí ojú tí à ń lù tì wọlé ò ríbi gbà dé ojú kejì, ohùn á wá fún pọ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọnú rẹ̀ pẹ̀lú. Inú tó rí págunpàgun, tí ẹ̀gún igi dúró sí, iṣẹ́ ìkánjú ni.

4. Etí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ dojú igi dé orí tábìlì dígí tàbí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka kàn án léjìká. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ibi tó bá gbé sókè ni awọ ò ti ní jókòó, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti máa hó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò yí etí náà ká. Ó yẹ kó yọ̀, kó ṣe róbó díẹ̀, bí etí ife tángaran. Etí tó mú bí ọ̀bẹ ló ń gé awọ láti abẹ́, tí ẹni tó ń lù á fi máa rò pé kọ̀ngọ́, igi tí à ń fi lù ú, ló ya á.

5. Ojú méjèèjì dọ́gba bí? Ẹ fi okùn wọn ojú kan lórí àgbélébùú: láti òkè sísàlẹ̀, àti láti ọ̀tún sósì. Ẹ fi okùn kan náà wọn ojú kejì. Ìyàtọ̀ tí kò ju ìdajì ìka lọ ò burú, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọsán á máa fa ojú kan ju èkejì, èyí tó fẹ̀ jù ni yóò sì tètè ya.

Bí ìlù bá ti ní awọ lára kí ẹ tó dé, ẹ ò ní lè wo ọ̀fun. Okùn ṣì lè wọn ojú rẹ̀, ọwọ́ ṣì lè wọ̀n bó ṣe wúwo tó, etí yín ló sì máa bá yín wo ọ̀fun náà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń wá ìlù tuntun kì í fẹ́ gbọ́: igi àtijọ́ máa ń dára ju tuntun lọ. Igi tó ti wà lókè àjà fún ọdún mẹ́wàá, tó ti gba ọyẹ́ mẹ́wàá àti òjò mẹ́wàá, tí kò là, kì í sáábà là mọ́. Ẹ béèrè bóyá Àyàn ní igi àgbà kan tí awọ rẹ̀ ti ya tí kò tíì bò. Ó lè dúdú, ó lè ti họ díẹ̀ létí, kó má wuni lójú. Bó bá ti yege nínú márùn-ún òkè yìí, ẹ gbé e, kí wọ́n fi awọ tuntun bò ó fún yín.

Awọ

Awọ ewúrẹ́ ni. Ti abo tó ṣì kéré ló dára jù fún ìyáàlù àti gángan, torí ó fẹ́lẹ́, ó sì ń tètè dá ọwọ́ lóhùn. Awọ òbúkọ nípọn, apá á ṣiṣẹ́ gan-an kí ohùn tó gòkè. Kẹríkẹrì lè gba èyí tó nípọn díẹ̀.

Ẹ na awọ náà sójú oòrùn kí wọ́n tó gé e. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé bákan náà níbi gbogbo bí wọ́n bá fá a dáadáa. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ni ọ̀bẹ ti kàn án nígbà tí wọ́n ń bó ẹran, ibẹ̀ ni ihò máa ti yọ. Ojú ibi tí eégbọn ti jẹ ẹran náà máa ń hàn bí àmì kéékèèké. Ọ̀kan tàbí méjì létí kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí ibi tí kọ̀ngọ́ máa bà. Ẹ wá ìlà ẹ̀yìn ẹran náà, ibi tí awọ ti le jù. Ó yẹ kí ìlà yẹn gba àárín ojú ìlù kọjá. Tó bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìhà kejì á máa nà jù ú lọ, ohùn á sì wọ́. Ara ẹran kan náà ni kí wọ́n ti gé awọ ojú méjèèjì, bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á le jù láti mú un dùn létí yín lọ́jọ́ ìtajà. Àwọn àgbà ti sọ pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló fẹ́ ya. Awọ tí wọ́n ti fà dé òpin kò ní ibi tó kù láti lọ nígbà tí ẹ bá tẹ ọsán.

Ọsán

Ọsán já, ọrun di ọ̀pá. Ti ìlù náà rí bẹ́ẹ̀. Ọsán ló ń mú ojú méjèèjì pọ̀, òun ni ọwọ́ yín sì ń bá sọ̀rọ̀. Ọsán awọ ni kí ẹ gbà. Okùn ọ̀rá tí àwọn kan ń lò báyìí kì í jẹrà, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ń gé ìka, kì í sì í rọra nà bí awọ, ohùn á kàn máa fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè láì gba àárín kọjá.

Ẹ fi ìka tọ ọsán kan láti ojú kan dé èkejì. Fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kó má sí ibi tó tín-ín-rín bí òwú. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Kókó kò gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí ọwọ́ tàbí abíyá ń tẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti máa já, á sì ti bó yín lára kó tó já. Ẹ ka iye ibi tí ọsán ti wọ etí awọ lójú kan, kí ẹ ka èkejì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín ọsán. Ó yẹ kó wọlé, kó sì máa tì yín padà. Tó bá wọlé títí tó fi kan ọrùn igi, ó ti dẹ̀. Tí kò bá mira rárá àyàfi tí ẹ bá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fà á jù, apá yín ló máa san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀

Ẹ gbé ìlù náà jáde sí gbangba. Nínú yàrá kékeré, ògiri máa ń bá ìlù pariwo, gbogbo rẹ̀ á sì dún dáadáa. Ẹ lo kọ̀ngọ́ tí ọwọ́ yín ti mọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fà fún yín níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lù ú láì tẹ ọsán. Ohùn ìsàlẹ̀ yìí ni ìpìlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kún, kó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Tó bá dún gbì bí ẹni lu páálí, yálà awọ ò tíì gbẹ tàbí ọ̀fun ló há. Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lù: dò, re, mí. Ẹ wò ó bóyá re ní ibi tó ń gbé. Ìlù tí kò dára máa ń ní dò, ó máa ń ní mí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí re rẹ̀ dì mú. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ló sì nílò àárín yẹn.

Ẹ lù ú lókè kí ẹ sọ ọsán sílẹ̀ lójijì, kí ẹ tún lù ú. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá léra wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ìgbà kẹwàá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Tó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ọsán ń há ara wọn, kì í padà sáàyè. Tó bá ń lọ sílẹ̀, awọ ṣì ń nà.

Èyí tó kàn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ mú ẹnì kan dání tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í ṣe dandan kó jẹ́ onílù. Kó lọ dúró ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí yín, kó kọ ẹ̀yìn. Ẹ sọ fún un pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ẹ máa lù: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹ lù wọ́n láì tẹ̀ lé ètò, nígbà mẹ́wàá, kó máa dárúkọ èyí tó gbọ́. Tó bá mọ mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlù náà ń sọ̀rọ̀. Tó bá ń ṣi ọkọ gbọ́ sí ọkọ́, àárín rẹ̀ ló ń yọ̀. Tó bá ń ṣi ọkọ gbọ́ sí ọ̀kọ̀, ìsàlẹ̀ àti àárín ti sún mọ́ra jù. Kí ẹ tó dá ìlù lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí Àyàn tàbí onílù mìíràn bá yín lù ú bákan náà, kó lè hàn bóyá ọwọ́ ni.

Ẹ tún lu "bẹ́ẹ̀ ni" àti "èyí nìyìí." "Bẹ́ẹ̀" ń ṣubú láti òkè wá sísàlẹ̀ nínú ìlù kan ṣoṣo: ẹ lu òkè, kí ẹ sọ ọsán sílẹ̀ kí ohùn tó kú. "Yìí" ń gun òkè: ẹ lu ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí kọ̀ngọ́ ti kúrò. Ìlù tí ohùn rẹ̀ bá ti kú kí ọwọ́ tó yí i padà ò lè ṣe èyí, kò sì ní lè ki oríkì kó dùn.

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo kan tó ń ta lábẹ́ ohùn, bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, ẹ wá orísun rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ di gbogbo ṣaworo mú kí ẹ tún lù ú. Tí ariwo bá dákẹ́, ṣaworo kan ló tú, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Tí kò bá dákẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ etí awọ yíká bí ẹlòmíràn ṣe ń lù ú. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni awọ ò ti jókòó sórí igi. Bí kò bá dákẹ́ níbì kankan, igi ló là sínú, ẹ dá a padà fún wọn pẹ̀lú ìdúpẹ́.

Kọ̀ngọ́, ṣaworo, àgbékọ́

Kọ̀ngọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ dáadáa lọ́rùn, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú, kí ó sì bà sórí awọ pátá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi orí ìka wá igun tó mú lára rẹ̀. Kí wọ́n fi yanrìn-pépà ha á. Ẹ ra méjì. Ṣaworo idẹ ló ń dún wínníwínní. Èyí tí wọ́n fi páànù ṣe máa ń dípẹtà, á sì ba etí awọ jẹ́. Àgbékọ́ ìyáàlù kí ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kí ó má baà gé èjìká.

Owó àti àdéhùn

Ẹ má béèrè iye ìlù lódidi. Ẹ ní kí wọ́n dá a sọ: iye igi, iye awọ àti ọsán, iye iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà náà lẹ lè fi wé ti oníṣẹ́ mìíràn, ẹ ó sì mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti ná. Ẹ lè ná iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ara igi, fáníìṣì àti aṣọ tí wọ́n fi ń wé e. Ẹ má ná ọsán àti awọ, torí ohun tí ẹ bá yọ lára owó rẹ̀, ara rẹ̀ náà ni wọ́n á ti yọ ọ́.

Bí ẹ bá ti yan igi tán, ẹ fi pẹ́ńsù kọ àmì kékeré sí inú rẹ̀ lójú Àyàn. Igi tó wà nílẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń jọra, ọmọ iṣẹ́ sì lè ṣèèṣì gbé òmíràn bò. Ẹ béèrè pé kí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa bò ó.

Ẹ ṣe àdéhùn lórí ohun méjì kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Èkíní ni fífà. Awọ tuntun á nà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí ìlù tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ jọ fẹnu kò pé ẹ ó gbé e padà wá fún fífà lẹ́ẹ̀kan láì san owó mìíràn. Èkejì ni igi: tó bá là láàárín oṣù mẹ́ta láì jẹ́ pé ó bọ́ lulẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ̀ pé igi òun gbẹ ò ní jiyàn lórí èyí.

Oṣù àkọ́kọ́ nílé

Ẹ máa lù ú lójoojúmọ́, ogún ìṣẹ́jú tó, kí ẹ má sì fún un tẹ́ńtẹ́ńtẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Awọ ń kọ́ bí yóò ṣe máa nà ni. Bí ẹ bá lù ú tán, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri, kó má bàa jókòó lórí sìmẹ́ǹtì tó ń tutù. Aṣọ ni kí ẹ fi bò ó. Ọ̀rá máa ń mú un làágùn, awọ á sì hu èébu.

Eku àti aáyán fẹ́ràn awọ ewúrẹ́. Ẹ má gbé e sí kíṣìnì, ẹ má gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi sínú bútù ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ooru ibẹ̀ lè fa awọ ya láì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà òjò, bí ohùn bá dẹ̀ kí ẹ tó lọ sóde, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù iná tó ń gbóná fún ìdajì wákàtí, ní ìwọ̀n apá kan sí i, kí ẹ máa yí ojú rẹ̀ padà. Ẹ má yá a níná igi.

Nígbà ọyẹ́, bí ọsán bá ń gbẹ tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́, ẹ fi òrí díẹ̀ ra ìka, kí ẹ fi tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Òrí kò gbọ́dọ̀ kan ojú ìlù; ibi tó bá kàn á di aláìlóhùn. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ yí ojú tí ẹ ń lù padà sí èkejì, kí méjèèjì lè máa gbó pọ̀.